Igi Tó Ń Kọjú sí Kámẹ́rà: Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Àwọn Ayàwòrán Ilé, Láti Bouaké

Ilé tí a yà sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní igi lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sí èèyàn kankan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kì í wọ oníbàárà lójú. Bí ògiri rẹ̀ ti wù kó gún tó, ahoro ni yóò jọ. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi ń bá gbogbo ayàwòrán ilé fà á: àwọn igi àti èèyàn tí a fẹ́ fi sínú àwòrán 3D, ṣé ká yà wọ́n tìbú tòòró bí wọ́n ṣe rí láyé ni, àbí ká fi pátákó pẹlẹbẹ kan ṣe wọ́n, tí kọ̀ǹpútà yóò máa yí i padà fúnra rẹ̀ kí ojú rẹ̀ má baà kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń wò ó? Kámẹ́rà tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe èyí tí ayàwòrán ìnáwó ń gbé kọ́rùn. Ojú tí sọ́fítíwíà fi ń wo ilé náà ni.

Bouaké yẹ ní ibi tí a ti lè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ìlú kejì tó tóbi jù lọ ní Côte d'Ivoire ni, ní ilẹ̀ àwọn Baoulé, reluwé láti Àbíjàn sì ti dé ibẹ̀ láti ọdún 1912. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa: ní pápá Stade de la Paix níbẹ̀ ni Super Eagles ti fi pẹnáritì 4 sí 2 borí Gúúsù Áfíríkà ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024. Àwọn ará Èjìgbò tí wọ́n ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire láti ìran dé ìran kò sì ṣàjèjì sí ilẹ̀ náà. Ìlú tó ń kọ́lé ni: wọ́n tún pápá ọdún 1984 yẹn ṣe títí ó fi lè gba nǹkan bí 40,000 èèyàn, wọ́n sì ti dáwọ́ lé àtúnkọ́ ọjà ńlá tó jóná ní ọdún 1998. Níbi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, àwòrán ló máa ń ṣáájú bíríkì.

Nǹkan mìíràn tún wà tó jẹ́ ká mú Bouaké. Ìlú náà wà ní nǹkan bí digíìrì 7.7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. A ó rí i nísàlẹ̀ pé nọ́ńbà kékeré yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n náà ti ṣẹ̀

Kì í ṣe àwọn ayàwòrán ilé ló dá a sílẹ̀. Inú eré kọ̀ǹpútà ló ti wá. Nínú Wolfenstein 3D ti ọdún 1992 àti Doom ti ọdún 1993, tí ilé-iṣẹ́ id Software ṣe, àwọn ọ̀tá tó ń ṣíná ìbọn jẹ́ àwòrán pẹlẹbẹ tó ń kọjú sí ẹni tó ń ta eré ní gbogbo ìgbà. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà kò lágbára láti gbé ara èèyàn tìbú tòòró, bẹ́ẹ̀ ni eré kò sì gbọdọ̀ falẹ̀. Àìní agbára ló bí ọgbọ́n náà. Àìní agbára yìí náà ló sì jẹ́ kó wà láàyè dòní ní ọ́fíìsì tí lápútọ́ọ̀pù ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ní kó dúró gbọn-in, kó máa yí

Sọ́fítíwíà SketchUp ló sọ ọ̀nà yìí di ti gbogbo ayé. Ilé-iṣẹ́ @Last Software ní ìlú Boulder, ìpínlẹ̀ Colorado, ló gbé e jáde ní ọdún 2000. Google rà á ní 2006, Trimble sì rà á lọ́wọ́ Google ní 2012. Èèyàn pẹlẹbẹ tó máa ń dúró de oníṣẹ́ nínú fáìlì tuntun jẹ́ ọ̀kan nínú irú pátákó bẹ́ẹ̀. Èèyàn á sọ igi tó yà di kọ̀mpónẹ́ńtì, ìyẹn ohun kan tó dá dúró nínú fáìlì, á tẹ àṣàyàn tó ní kó máa kọjú sí kámẹ́rà, ó parí. Láti ìgbà náà lọ, pátákó yẹn yóò máa yí lórí ìlà búlúù, ìyẹn ìlà tó nà ró láti ilẹ̀ sókè.

Àwọn tó fara mọ́ ọ̀nà yìí ní ẹ̀rí tó lágbára. Ẹ jẹ́ ká mú Stade de la Paix. Bí ayàwòrán bá fẹ́ kí èrò kún ìjókòó 40,000, onígun mẹ́ta méjì péré ni pátákó kọ̀ọ̀kan ní, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 80,000. Lápútọ́ọ̀pù tí kò le rárá á gbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ èèyàn 3D tó ní onígun mẹ́ta 5,000, èyí tí kò pọ̀ fún èèyàn 3D, àpapọ̀ rẹ̀ ti di mílíọ̀nù 200. Fáìlì náà kò ní ṣí mọ́. Ẹni tó ṣì ń lo SketchUp Make 2017, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ìkẹyìn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, mọ ohun tí à ń sọ.

Àbùkù rẹ̀ náà kò ṣòro rí. Èkíní, bí wọ́n bá gbé kámẹ́rà lọ sókè bíi ti dúróònù, pátákó tó ń yí lórí ìlà kan ṣoṣo á sọ ara rẹ̀ di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́; èrò 40,000 yóò pòórá lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní àmì igi mìíràn lọ́tọ̀ fún pílánù, ìyẹn àwòrán tí a wò látòkè. Èkejì, bí ibi tí ìlà búlúù ti bẹ̀rẹ̀ kò bá wà ní ìdí igi gan-an, igi náà á máa rìn kúrò níbi tí wọ́n gbìn ín sí bí kámẹ́rà bá ṣe ń rìn. Ẹni tó bá sì kó ìlà igi mẹ́wàá sínú kọ̀mpónẹ́ńtì kan ṣoṣo tó wá ní kó máa kọjú sí kámẹ́rà, gbogbo ìlà náà ni yóò máa fì kiri bí ẹnu géètì. Ẹ̀kẹta, dígí: gíláàsì tó bá dagun lójú kámẹ́rà lè fi etí pátákó hàn dípò ojú rẹ̀, ilé ìtajà òde òní kò sì ṣaláìní gíláàsì.

Ọ̀kan tún wà tó ń dẹ ìkẹ́kùn fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Fọ́tò igi tí wọ́n ti yọ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lè hàn dáadáa lórí pátákó, síbẹ̀ òjìji rẹ̀ nínú SketchUp á jẹ́ ti pátákó onígun mẹ́rin, nítorí pé ojú pátákó ni sọ́fítíwíà náà fi ń ṣírò òjìji, kì í wo ibi tí fọ́tò ti mọ́ gaara. Àfi kí oníṣẹ́ fi ọwọ́ gé etí pátákó náà tẹ̀lé ewé. Àwọn sọ́fítíwíà bíi Blender àti V-Ray kò ní ìṣòro yìí.

Àwọn tó ní kó máa yí níhà gbogbo, àti àwọn tó ní kó má yí rárá

Ẹgbẹ́ kan ní bí ìyípo lórí ìlà kan bá ń kùnà látòkè, kí pátákó máa yí sí òkè sí ìsàlẹ̀ náà. Blender, tí wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2002, ní ìdè méjì fún èyí: Track To, tó ń jẹ́ kí nǹkan dojú kọ kámẹ́rà pátápátá, àti Locked Track, tó fi í sórí ìlà kan. Ìyípo pátápátá dára fún èéfín, ìkùukùu àti iná. Kò dára fún igi. Bí kámẹ́rà bá gòkè, igi á dùbúlẹ̀ sẹ́yìn kó lè wò ó lójú, ìdí rẹ̀ á sì ṣí kúrò nílẹ̀.

Ẹgbẹ́ kejì ní kí pátákó má yí: kí wọ́n gbé méjì dábùú ara wọn, kó ní ojú láti ibi gbogbo. Ìmọ̀ yìí ti dàgbà. Ní ọdún 2003, Décoret, Durand, Sillion àti Dorsey fi hàn níbi àpérò SIGGRAPH bí a ṣe lè fi ọ̀wọ́ pátákó díẹ̀ tí wọ́n dagun lóríṣiríṣi rọ́pò ohun tó díjú. Ó fúyẹ́, kì í rìn kúrò níbi tó wà, òjìji rẹ̀ sì sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó dúró nítòsí, ibi tí pátákó méjèèjì ti pàdé hàn kedere. Fún igi ẹ̀yìn ilé lókèèrè, kò sí wàhálà. Fún igi ẹnu ọ̀nà, kò wuyì.

Àwọn tó ní fọ́tò kan kò tó

Ohun tó ń tú àṣírí pátákó ni pé ẹni tó bá rìn yí i ká yóò máa rí iwájú kan náà. Àwọn tó ṣe Doom ti mọ èyí, wọ́n sì ya àwọn ọ̀tá wọn láti ìhà 8. Ilé-iṣẹ́ ArchVision ní Kentucky gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ iṣẹ́ ilé yíyà pẹ̀lú ohun tí wọ́n pè ní RPC: fọ́tò ọ̀pọ̀lọpọ̀ láti ìhà gbogbo, tí kọ̀ǹpútà ń mú èyí tó bá kámẹ́rà mu. Igi àti èèyàn inú sọ́fítíwíà Revit jẹ́ irú rẹ̀. Sọ́fítíwíà ArchiCAD gba ọ̀nà mìíràn: èdè GDL rẹ̀ ń sọ fún nǹkan inú fáìlì ibi tí ojú awòran wà, tí ẹni tó mọ kóòdù kọ yóò sì fi pinnu ohun tí nǹkan náà máa ṣe.

Èyí ni mo rí pé ó bọ́gbọ́n mu jù nínú ìdílé pátákó. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ti ya tẹ́lẹ̀ nìkan lèèyàn lè lò. Ẹni tó ń yàwòrán ilé Bouaké tó ń wá ọ̀gànwó, mángòrò tàbí igi kajú máa ń bá igi òyìnbó pàdé lákọ̀ọ́kọ́, láti ya tirẹ̀ láti ìhà gbogbo kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan.

Àwọn tó ní igi gidi ni kí wọ́n gbìn

Àwọn wọ̀nyí ní pátákó ti di ohun àná. V-Ray, ti ilé-iṣẹ́ Chaos tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sofia ní 1997, ń jẹ́ kí igi 3D wúwo dúró níta fáìlì, tí àpótí kékeré kan á máa ṣojú fún un títí di àkókò rẹ́ńdà, ìyẹn ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń ya àwòrán ìkẹyìn. Lumion láti Netherlands àti Twinmotion, tí Epic Games rà ní 2019, gbé igi tí atẹ́gùn ń fẹ́ ewé rẹ̀ síwájú oníṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Dígí, òjìji, dúróònù, gíláàsì VR tí ojú méjèèjì ń wò: gbogbo ibi tí pátákó ti ń kùnà ni igi gidi ti ń yege.

Ohun tí wọn kì í sọ sókè ni iye káàdì àwòrán tó lè gbé e. Owó kọ̀ǹpútà tí Lumion fẹ́ lè ju owó tí oníbàárà máa san fún gbogbo iṣẹ́ náà lọ, iná mànàmáná àti dátà tí wọ́n fi ń gba igi wọlé kò sì sí nínú ìṣirò yẹn. N kò rí ìdí tó fi yẹ kí ilé oníyàrá mẹ́ta gbé ẹrù tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ní kó dìgbà ìkẹyìn

Ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ yìí ni pé ká yọ igi àti èèyàn kúrò nínú àwòrán 3D pátápátá. Bí wọ́n bá ti rẹ́ńdà ilé tán, kí wọ́n lẹ fọ́tò wọn mọ́ ọn nínú Photoshop. Àwòrán tó wuyì jù lọ ni ọ̀nà yìí máa ń so, nítorí pé ojú oníṣẹ́ ọnà ló ń gbé nǹkan kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ní kí wọ́n yí kámẹ́rà sí ọ̀tún díẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òjìji tí wọ́n fi ọwọ́ kùn sí ìdí igi sì jẹ́ ohun tí ojú ń fẹ́, kì í ṣe ohun tí oòrùn ń ṣe.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ojú àti àwọ̀ ti ń jáde. Ìkànnì Skalgubbar láti Sweden fún àwọn ayàwòrán ayé ní fọ́tò èèyàn ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti yọ ẹ̀yìn wọn kúrò, títí ó fi di pé àwọn ará Àríwá Yúróòpù ń rìn káàkiri nínú àwòrán ilé tí kò sí ní Yúróòpù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Columbia ní New York dá ìkànnì Nonscandinavia sílẹ̀ láti fèsì. Ọjà Bouaké tí kò sí ìyá tó ró pàǹyà, ìyẹn ìró àǹkárá, tí kò sí ọmọ tó ru ẹrù, kì í ṣe ọjà Bouaké, bó ti wù kí rẹ́ńdà rẹ̀ dán tó. Ọ̀rọ̀ yìí kan pátákó, ó sì kan èèyàn 3D bákan náà.

Ibòòji: ibi tí Bouaké ti yàtọ̀

Gbogbo ẹgbẹ́ tí a kà lókè ń jà lórí ohun tí ojú ń rí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tiwa, a kì í gbin igi sẹ́nu ilé nítorí ẹwà nìkan. Ibòòji là ń wá. Ibẹ̀ ni mo sì rí i pé àríyànjiyàn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Boulder kò lè parí sí Boulder.

SketchUp mọ̀ pé pátákó tó ń yí tẹ̀lé kámẹ́rà yóò da òjìji rú, nítorí náà ó fi àṣàyàn kejì kún un: kí òjìji jáde bí ẹni pé pátákó náà kọjú sí oòrùn, níbikíbi tí kámẹ́rà bá wà. Ojútùú tó dára ni, níbi tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní igi mángòrò kan ga tó mítà 10, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mítà 3, orí rẹ̀ tó rí roboto bí ẹyin sì fẹ̀ tó mítà 10. Bí oòrùn bá wà ní digíìrì 20 péré sókè, bíi ti ọ̀sán gangan ní London ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní, òjìji orí igi gidi á gba nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 170, ti pátákó tí wọ́n gé tẹ̀lé ewé á gba nǹkan bí 150. Ta ló máa mọ ìyàtọ̀?

Ẹ gbé igi kan náà dé Bouaké. Nítorí digíìrì 7.7 yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń kàn án gan-an lórí, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ní nǹkan bí aago 12:20 ọjọ́ bẹ́ẹ̀, igi gidi ń fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ibòòji tó tó mítà onígun mẹ́rin 78. Pátákó kò fún wọn ní nǹkan kan. Etí rẹ̀ nìkan ni oòrùn rí. Ní wákàtí méjì ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí oòrùn bá wà ní digíìrì 60, ti igi gidi jẹ́ bí 85, ti pátákó jẹ́ bí 32. Kódà nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán gangan ní Bouaké kì í rẹlẹ̀ ju nǹkan bíi digíìrì 59 lọ. Ìyẹn ni pé lọ́sàn-án gangan, láti oṣù Kìn-ín-ní dé oṣù Kejìlá, pátákó irú igi yìí kì í fi ju nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ibòòji tó yẹ hàn.

Ohun kan tún ń bo àṣìṣe yìí mọ́lẹ̀. Bí èèyàn kò bá sọ fún SketchUp ibi tí ilé wà, Boulder ni yóò fi ṣe, ní digíìrì 40 sí àríwá. Oòrùn ọ̀sán oṣù Kejìlá níbẹ̀ kì í ju nǹkan bíi digíìrì 28 lọ. Òjìji pátákó á gùn, á rẹwà, oníbàárà á ní ilé òun tutù. Lórí ilẹ̀ Bouaké, irú òjìji ọ̀sán bẹ́ẹ̀ kò sí.

Àwọn kan ń pa ọ̀nà méjì pọ̀: pátákó fún ojú, àti orí igi 3D tí kò díjú, tí kámẹ́rà kò rí, fún òjìji. Ní Blender àti V-Ray, èyí rọrùn. Ní SketchUp, ohun tí àwọ̀ rẹ̀ bá mọ́ gaara ju ìwọ̀n kan lọ kì í ní òjìji mọ́, nítorí náà èèyàn kò lè fi ohun àìrí ṣe ibòòji. Àfi kó yà á ní ewé tó hàn, kó sì fara mọ́ bó ṣe rí.

Ohun tí kò tíì yanjú

Bóyá pátákó yóò kú bí káàdì àwòrán bá ń rọ̀ lówó, ẹnikẹ́ni kò lè búra. Èrò inú pápá bọ́ọ̀lù ṣì nílò rẹ̀, àní nínú àwọn sọ́fítíwíà tó lágbára jù: ohun tó bá wà lókèèrè ni wọ́n ń sọ di pátákó, wọn kì í sì í sọ fún awòran. Ibi tó yẹ kí pátákó ti di igi gidi, ṣé mítà 20 ni tàbí 50, ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀ pinnu.

Ọ̀ràn èkejì jẹ́ tuntun. Àwọn kan ti ń gbé àwòrán ilé lásán fún ẹ̀rọ AI pé kó fi igi àti èèyàn kún un. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ṣírò oòrùn ìlú kankan. Ohun tó ti rí nínú àìmọye fọ́tò ló ń tẹ̀lé. Bóyá ọ̀nà wà láti so ó mọ́ oòrùn gidi, àwọn oníṣẹ́ ṣì ń wá a.

Ẹ̀kẹta ni ti igi àti èèyàn ilẹ̀ yìí. EAMAU ní Lomé, tó ti ń kọ́ àwọn ayàwòrán ilé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Faransé ní Áfíríkà láti àárín ọdún 1970 sí 1979, àti àwọn ẹ̀ka ilé yíyà ní yunifásítì wa bíi ti Ilé-Ifẹ̀, ní akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ tó láti ya ọ̀gànwó àti mángòrò láti ìhà gbogbo. Ta ló máa sanwó rẹ̀, ta ló sì máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ìyẹn kò tíì ní ìdáhùn.

Nígbà tí ìyẹn ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé fún ayàwòrán, yálà ní Bouaké, Èjìgbò tàbí Ìbàdàn, ẹ bi í léèrè ìlú tó kọ sínú fáìlì àti ọjọ́ àti wákàtí tó fi sí oòrùn, kí ẹ tó yin ibòòji inú àwòrán rẹ̀.